Ta Ló Ni Ìwé Ẹ̀sùn Yín? Láísẹ́ńsì Open Source àti Bug Tracker

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ ń ka èyí lórí fóònù torí pé dátà kò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ kú ìfaradà. Torí yín la ṣe ń kọ gbogbo ètò wa sílẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ so pọ̀. Àkọ́kọ́ ni láísẹ́ńsì open source. Èkejì ni bug tracker, ìyẹn sọ́fítíwíà tí àwọn tó ń kọ áàpù fi ń tọ́pa àṣìṣe inú kóòdù wọn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ fara balẹ̀. Tí ẹ bá ń lo fóònù, ọ̀rọ̀ yín ni. Tí ẹ bá sì ń gbèrò láti kọ áàpù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì, mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yín ni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni bug, kí sì ni bug tracker?

Bug ni àṣìṣe tó wà nínú kóòdù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ẹ fi owó ránṣẹ́, áàpù ní kò lọ, báǹkì ní ó ti lọ. Bug nìyẹn.

Kòkòrò ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1947, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Mark II ní yunifásítì Harvard rí àfòpiná kan nínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú un, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kòkòrò gidi àkọ́kọ́ tí àwọn rí nìyí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń lo ọ̀rọ̀ bug fún àṣìṣe ṣáájú ìgbà yẹn, àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ aago, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ẹ̀rí tì í. Bug tracker ni ìwé àkọsílẹ̀ yẹn tó ti di sọ́fítíwíà.

Ẹgbẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń fi group WhatsApp ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kò jẹ́ kí n wọlé o." Ẹlòmíràn á fèsì pé, "Mo ń bọ̀ wá wò ó." Kó tó di alẹ́, sítíkà àti "ẹ kú ọjọ́ ìbí" ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníbàárà míràn á mú ẹ̀sùn kan náà wá, kò sì ní sí ẹni tó rántí bóyá wọ́n ti tún un ṣe tàbí wọn ò tíì tún un ṣe. Nínú bug tracker, ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní ẹni tó mú un wá, ó ní ẹni tó gbà á ṣe, ó sì ní ipò tó wà: a ti rí i, a ń ṣe é lọ́wọ́, a ti parí rẹ̀.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìwé ẹ̀sùn yìí á di ibi tí ìrántí iṣẹ́ náà wà. Ìdí tí wọ́n fi kọ ìlà kóòdù kan báyìí, ìdí tí wọn ò fi gba àbá kan wọlé, ẹni tó ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ìwé yẹn bá sọnù, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà á kàn máa táràrà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè pé: ta ló ni ìwé náà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Python

Python jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Guido van Rossum ló dá a sílẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1991. Open source ni. Láti 2000, orí SourceForge ni wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn bug. Nígbà tó fi máa di 2006, SourceForge ti sú wọn. Python Software Foundation ní ìgbìmọ̀ kan tó ń bójú tó irú nǹkan báyìí, ìgbìmọ̀ náà sì kéde pé kí àwọn èèyàn mú ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ wá. Mẹ́rin ló dé iwájú wọn: JIRA, Launchpad, Roundup àti Trac.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan díẹ̀ nípa JIRA, torí orúkọ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Iléeṣẹ́ Atlassian ní Australia ló ni ín. Kí wọ́n tó ṣe é, Bugzilla ni àwọn fúnra wọn ń lò. Bugzilla ni bug tracker tí Terry Weissman kọ́kọ́ kọ fún Mozilla ní 1998, open source sì ni. Orúkọ yẹn jọ Godzilla, ẹranko ńlá inú fíìmù àwọn ará Japan. Gojira ni àwọn ará Japan ń pe ẹranko náà, ni àwọn òṣìṣẹ́ Atlassian bá ń fi Gojira pe Bugzilla. Wọ́n gé iwájú orúkọ náà, ló bá di JIRA.

Ìgbìmọ̀ Python wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, JIRA ló sì wù wọ́n jù. Kò ní ná wọn lówó. Iléeṣẹ́ kan tún ti ṣèlérí pé òun á gbé e sórí sáfà òun, òun á sì máa bójú tó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé JIRA kì í ṣe open source. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní, ṣé iṣẹ́ tó jẹ́ pé open source ni wọ́n fi kọ́ ọ ló tún máa wá gbé ìrántí rẹ̀ sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí? Àwọn mìíràn ní irinṣẹ́ ni irinṣẹ́, èyí tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa ni kí wọ́n mú.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà ṣe ló dára lójú mi. Wọn ò sọ ọ́ di ìjà ẹ̀sìn. Wọ́n ní Roundup náà dára, open source ni, Python ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bójú tó o. Tí èèyàn bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá bá lè yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà, Roundup ni àwọn máa mú. Tí kò bá sí, JIRA ni. Àwọn èèyàn jáde, Roundup wọlé, nígbà tó sì di 2007, bugs.python.org bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ó sìn wọ́n fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 2022, wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí GitHub. Ẹ̀yin tó mọ GitHub ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí GitHub gan-an kì í ṣe open source. Microsoft ló ni ín láti 2018. Kí ló wá dé? Mariatta, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ Python, kọ àbá kan tí wọ́n ń pè ní PEP 581, wọ́n sì gbà á wọlé ní 2019. Àlàyé rẹ̀ yéni: kóòdù Python fúnra rẹ̀ ti wà lórí GitHub láti 2017, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ti ní àkáǹtì níbẹ̀, ọwọ́ tó ń tún Roundup ṣe fún wọn kò sì pọ̀ mọ́.

Ṣé wọ́n wá sẹ́ ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kó. Ọwọ́ wọn ni dátà wà. Kóòdù Roundup wà ní gbangba, kò sí ohun tó fara pa mọ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ irinṣẹ́ tó kó ẹ̀sùn ọdún gbọọrọ láti ibì kan sí ibòmíràn, wọ́n sì fi ojúlé àtijọ́ sílẹ̀ fún kíkà. Ìgbà tó wù wọ́n ni wọ́n kó, kò sẹ́ni tó lé wọn.

Ìyàtọ̀ láàárín kíkó kúrò àti lílé jáde

Ẹ̀yin tó ń háyà ilé l'Ékòó mọ ohun tí mò ń sọ. Kéèyàn kó kúrò nílé nítorí pé ó ti rí ibi tó dára jù yàtọ̀ sí kí láńlọ́ọ̀dù fún un ní ìwé pé kó jáde.

Àwọn tó ń kọ Linux rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà. Láti 2002, BitKeeper ni wọ́n fi ń tọ́jú kóòdù wọn. Kì í ṣe bug tracker, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan náà ni. Iléeṣẹ́ tó ni BitKeeper fún wọn lò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ láísẹ́ńsì rẹ̀ ní ìdè nínú: ẹni tó bá ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí irinṣẹ́ tó bá a díje. Ní 2005, ìjà ṣẹlẹ̀ nígbà tí Andrew Tridgell kọ irinṣẹ́ tirẹ̀ tó lè bá BitKeeper sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ náà gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́ náà padà. Linus Torvalds jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Lónìí, Git ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń kọ kóòdù ń lò. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ mélòó ló ní Linus Torvalds nílé tó lè kọ òmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀?

Èyí tó sún mọ́ bug tracker ṣẹlẹ̀ ní 2020. Atlassian kéde pé àwọn máa dẹ́kun títa ẹ̀dà Server, ìyẹn irú JIRA tí iléeṣẹ́ kékeré lè gbé sórí sáfà tirẹ̀. Ní oṣù kejì 2021, wọn ò ta tuntun mọ́. Ní oṣù kejì 2024, àtìlẹyìn dópin. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ máa bá a lọ ní láti kó lọ sórí sáfà Atlassian, tàbí kó ra ẹ̀dà àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn ló ni ilé wọn, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà ní ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ láti múra. Síbẹ̀, ayálégbé kò lóhùn sí i.

Kí ni láísẹ́ńsì ń sọ gan-an?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣì í gbọ́. Open source kì í kàn ṣe ọ̀fẹ́. WhatsApp lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gba kóòdù rẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Kóòdù tó wà ní gbangba kò sì tíì di open source nítorí pé ẹ rí i. Tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi láísẹ́ńsì sí i, òfin ṣì sọ pé òun nìkan ló ni ín. Láísẹ́ńsì ni ìwé tó ń fún yín láṣẹ láti lò ó, láti wò ó, láti tún un ṣe, àti láti pín in.

Ẹ jẹ́ kí n kó wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní: MIT àti BSD. Wọ́n kúrú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ẹ ṣe ohun tó wù yín, ẹ ṣáà má yọ orúkọ wa àti ìwé àṣẹ yìí kúrò, ẹ má sì pè wá lẹ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Irú èyí ni Trac ń lò, ti Roundup náà sì jọ ọ́.

Ọ̀nà kejì: GPL, tí Richard Stallman kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1989. Òun ní, ẹ lè tún un ṣe, ẹ tiẹ̀ lè tà á, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà, ẹ fún un ní kóòdù pẹ̀lú àṣẹ kan náà tí wọ́n fún yín. Ẹ má ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún yín mọ́ ẹlòmíràn lójú. Redmine àti MantisBT, bug tracker méjèèjì, abẹ́ GPL ni wọ́n wà. MPL, tí Bugzilla ń lò, wà láàárín: fáìlì tí ẹ bá tún ṣe nìkan ló gbọ́dọ̀ wà ní gbangba.

Ọ̀nà kẹta ṣe pàtàkì fún ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé GPL ní, "tí ẹ bá fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà." Tí mo bá gbé sọ́fítíwíà sórí sáfà mi, tí ẹ ń lò ó láti orí fóònù yín, mi ò fún yín ní ẹ̀dà kankan. Mo lè tún un ṣe kí n sì fi àtúnṣe náà pa mọ́. AGPL ló dí ihò yẹn: ẹni tó bá ń bá sọ́fítíwíà náà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní ẹ̀tọ́ sí kóòdù ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe. Bug tracker kì í sábà kúrò lórí sáfà, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ mọ orúkọ AGPL. Launchpad, tí kò tíì ṣí sílẹ̀ nígbà tí Python ń yan tirẹ̀, wá di open source lábẹ́ AGPL ní 2009.

Ṣé open source wá ń dáàbò boni pátápátá? Rárá o. Ní 2024, Redis yí láísẹ́ńsì rẹ̀ padà kúrò ní BSD sí èyí tó le jù. Àmọ́ àṣẹ tí wọ́n ti fún aráyé lórí ẹ̀dà àtijọ́ kò ṣeé gbà padà. Àwọn èèyàn mú ẹ̀dà yẹn, wọ́n ya ẹ̀ka tuntun, wọ́n pè é ní Valkey, iṣẹ́ sì ń lọ. Láńlọ́ọ̀dù lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ yín.

Kí ló yẹ kí bug tracker tó dára ní?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí òfin, ká bọ́ sórí iṣẹ́. Èyí ni àwọn ohun tí mo máa wò.

Àkọ́kọ́, kí ó rọrùn láti mú ẹ̀sùn wá. Debian, ọ̀kan nínú àwọn Linux tó ti pẹ́, ń gba ẹ̀sùn nípasẹ̀ ímeèlì. Ẹ ò nílò àkáǹtì tuntun, ẹ ò nílò ojúlé tó wúwo. Ẹ kọ ímeèlì, ẹ fi ránṣẹ́, ó gba nọ́ńbà. Ní ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà sì wọ́n, irú èyí kì í ṣe ohun àtijọ́, àánú ni.

Èkejì, kí ó béèrè ìbéèrè tó yẹ. Irú fóònù wo ni? Ẹ̀dà áàpù wo ni? Kí lẹ ṣe kó tó ṣẹlẹ̀? Kí lẹ retí, kí lẹ sì rí? "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ẹ̀sùn, igbe ni.

Ẹ̀kẹta, kí ó lè so ẹ̀sùn tó jọra pọ̀. Tí ogún èèyàn bá mú ọ̀rọ̀ kan náà wá, kó di ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì pàdánù ìròyìn nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí ó lè pa àṣírí mọ́. Bug tó lè jẹ́ kí olè wọ àkáǹtì àwọn èèyàn kò gbọdọ̀ wà ní gbangba kí wọ́n tó tún un ṣe. Bugzilla lè fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ nìkan títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ̀karùn-ún, kí wíwá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ dára, pàápàá lédè tiwa. Ẹ tẹ "ọ̀rẹ́" lórí fóònù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí òmíràn. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó tún ní àmì ohùn lórí, bíi ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó o jọ sì ju ẹyọ kan lọ. Sọ́fítíwíà tí kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ á sọ pé òun ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níwájú rẹ̀. Níbí ni láísẹ́ńsì àti iṣẹ́ ti pàdé. Tí tracker yín bá jẹ́ open source, ọmọ Yorùbá kan tó mọ kóòdù lè wọ inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ fún gbogbo ayé. Tí kò bá jẹ́ open source, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù, ẹ ó sì tò sórí ìlà.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: kí ẹ lè kó gbogbo dátà yín jáde. Kì í ṣe àkọlé ẹ̀sùn nìkan. Èsì àwọn èèyàn, àwòrán, ọjọ́, orúkọ ẹni tó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ní irú fáìlì tí sọ́fítíwíà mìíràn lè kà.

Kí lẹ máa wá ṣe?

Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ má lo GitHub tàbí JIRA. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta péré, tí kò sí ẹni tó máa dìde lóru nígbà tí sáfà bá kú, ibi tí wọ́n ti ń bá yín tọ́jú rẹ̀ lè dára fún yín jù. Ìtàn Python ti fi hàn wá pé láísẹ́ńsì nìkan kì í tún sọ́fítíwíà ṣe, èèyàn ló ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Kí ni láísẹ́ńsì rẹ̀ sọ? Ta ni yóò máa bójú tó o? Tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́la, báwo ni mo ṣe máa kó ẹrù mi? Ẹ dán èyí tó kẹ́yìn wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹrù ò tíì pọ̀: ẹ kó dátà yín jáde, ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá ó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ò kọ kóòdù, iṣẹ́ wà fún yín náà. Firefox, VLC àti Signal wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín, open source sì ni wọ́n. Tí àmì ohùn Yorùbá bá ń fò kúrò lórí lẹ́tà níbẹ̀, ẹ má kàn kùn lórí X. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́, ẹ kọ irú fóònù àti ẹ̀dà áàpù, ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ fi ránṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó rí àfòpiná yẹn ní 1947 kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ní bug tracker tí ẹgbẹ́ yín ń lò, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ ti gbìyànjú láti kó dátà yín jáde nínú rẹ̀ rí. Ẹ pín ètò yìí fún ọ̀rẹ́ yín tó ṣì ń tọ́jú ẹ̀sùn oníbàárà sínú WhatsApp.